Ọwọ́ Ìyá Kékeré

Ẹ gbé ọmọ rọ́bà yẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ jókòó. Ìwé ẹ̀rí yín wà níbí, mi ò ní gbé e sá lọ. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin bíi tiyín ní ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀rọ̀ kan sì wà níkùn mi tí ọkọ mi pàápàá kò gbọ́ rí. Lónìí, ó gbọ́dọ̀ jáde.

Ẹ rí obìnrin tó wà lẹ́yìn yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀ tó gbé ọmọ lọ́wọ́? Ẹ rò pé ó wá yan alágbàtọ́ láàárín yín. Èmi ni mo ní kó wá. Nígbà tó wá bá mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní ọmọ òun ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun kò sì tíì gbé e dìde rí. Ó ní, "Wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó lè mu ọmú ni. Ọwọ́ mi ò dáa fún ọmọ, mà. Mo ti ṣe àbúrò mi léṣe rí." Kò dá mi mọ̀, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kì í ṣe eré, mo sì ti sanra. Èmi dá a mọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Ìyá wọn ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì, èmi ni mo sì ń bá wọn mójú tó ọmọ méjì lẹ́yìn iléèwé: ọmọkùnrin olóṣù mẹ́jọ, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá Kékeré là ń pe ẹ̀gbọ́n yìí, torí àbúrò rẹ̀ kò ní tíì sín tán kó tó nu imú rẹ̀. Tí ọmọ bá ń ké, á gbé e mọ́ra, á ní, "Má sunkún mọ́, mo wà níbí." Àárò ohùn yẹn ń sọ mí títí dòní, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í sọ mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì kí n pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀. Ìyá Kékeré wà ní pálọ̀, ó ń to ìdérí ìgò. Mo gbàgbé páúdà sí yàrá ìyá wọn, mo lọ mú un. Ká ní páúdà nìkan ni mo mú. Ṣùgbọ́n bàtà gogoro pupa kan wà níwájú dígí, èmi òpònú sì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún bí ìyàwó olówó, ni mo bá gbọ́ gbì. Mo sáré dé tèmi ti bàtà lẹ́sẹ̀ kan. Ọmọ ti wà nílẹ̀, apá rẹ̀ ti kán. Ìyá Kékeré ti kúnlẹ̀ tì í, ó ń sọ fún un pé òun wà níbẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ràn ilé yẹn, mi ò fẹ́ kí wọ́n lé mi. Nígbà tí ìyá wọn dé, mo ní, "Mà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fà á lulẹ̀ kí n tó yíjú." Wọn ò na ọmọ náà. Wọ́n kàn ní, "O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àbúrò rẹ mọ́." Wọ́n wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo tètè ké sí aládùúgbò. Mo sì gba ọpẹ́ náà, ojú ò tì mí.

Èyí tó burú jù ò tíì dé. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Kékeré fa etí aṣọ mi, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Àǹtí, ṣé lóòótọ́ ni pé èmi ni mo fà á? Mi ò rántí." Àwa méjì péré la wà ní yàrá. Mo lè sọ òtítọ́ fún un, kò sẹ́ni tí ì bá gbọ́. Mo ní, "Ìwọ ni." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi wọ́n sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé wọn. Bẹ́ẹ̀ ló ń jókòó títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ wẹ̀yìn, bó ṣe jókòó báyìí náà nìyẹn.

Ẹ ti fi òfin mi tó kẹ́yìn ṣe yẹ̀yẹ́ tó: ẹ sọ òtítọ́ fún òbí kí ọmọ tó dákẹ́ ẹkún. Ẹ ti mọ ibi tó ti wá. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ máa lò sítòsí kí ẹ tó tẹ́ ọmọ. Bó bá sì ṣubú náà, ẹ má rù ú lé ọmọdé lórí.

Ìyá Kékeré, ìwọ kọ́. Bàtà ìyá rẹ ni mo ń wọ̀. Ìwọ lo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ. Bó o bá fẹ́ bú mi, bú mi. Mi ò ní kó o dárí jì mí lónìí. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kó o fa ọwọ́ rẹ yọ. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ yẹn fún un, ó ti ń sunkún. Ìyá rẹ̀ mọ ohun tó máa sọ fún un.