Wọ́n Ti Wọ́ Ọkọ̀ Orest Lọ

Pa ẹ̀rọ yẹn! Lorne! Mo ní pa á! Àbí ariwo ẹ̀ ti di ọ́ létí ni? Ẹ̀ẹ́n, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló bẹ̀ ọ́ kí o wá kó yìnyín iwájú ilé mi? Ṣé mo ránṣẹ́ pè ọ́ ni? Má ṣí fìlà fún mi, òtútù á mú ọ, dé e padà. Ìwọ lo pe káńsù. Má wolẹ̀, èmi ni kí o wò. Ìwọ lo pè wọ́n kí wọ́n wá wọ́ ọkọ̀ wa lọ, ọkọ̀ ìrìn àjò tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná nínú!

Ta ló sọ fún mi kẹ̀? Ọkùnrin káńsù fúnra ẹ̀ ló ṣèèṣì sọ ọ́. Ó ní aládùúgbò mi tó ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ yìnyín ló fẹjọ́ sùn. Ládùúgbò yìí, ta tún ló ní in? Ṣọ́bìrì ni gbogbo àwa yòókù ní! Mo ní, ta? Lorne? Lorne tó ń bá wa jẹ oúnjẹ Kérésìmesì, tó ń jẹ pẹrógì mi bíi pé ìyá ẹ̀ ló sè é? Lorne tí Orest ọkọ mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń da òògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì sínú páìpù ọkọ̀ kó má baà bẹ́?

Kí lo wí? Pé o ò ríran kọjá ẹ̀ tó o bá ń fi ẹ̀yìn wa mọ́tò rẹ jáde? Mo gbọ́, bọ́ọ̀sì iléèwé fẹ́ẹ̀ gbá ìyàwó rẹ, mo dúpẹ́ pé kò gbá a. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn mi nìyẹn, Lorne! Ilẹ̀kùn tí ò ń gbà wọlé láìkàn án! Ò bá wá, ò bá ní, "Àǹtí Stefa, ọkọ̀ yín ń dí mi lójú," à bá sì jọ sún un sẹ́yìn. Èmi fúnra mi ì bá da omi gbígbóná sí ìdí táyà, nínú òtútù Manitoba yìí tí itọ́ ń dì kó tó balẹ̀. Òfin pé ká má gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ síwájú ilé? Òfin yẹn ti wà látìgbà tí irun orí rẹ ṣì pé, o ò rántí ẹ̀! Ìgbà tí Orest ò sí nílé lo wá rántí ẹ̀!

O rò pé torí ìrìn àjò ni ọkọ̀ yẹn ṣe wà níbẹ̀? Ìrìn àjò wo? Lẹ́yìn tí àìsàn ìgbàgbé ti gbé ọkọ mi dé ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, ibo la tún ń lọ? Gbogbo Sọ́ńdè ni mo ń lọ gbé e wá kó wá jẹ bọ́ṣì, ọbẹ̀ pupa tó fẹ́ràn. Kò mọ àdúgbò yìí mọ́. Kò mọ ilé tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́. Èmi gan-an, mádàámù ló ń pè mí, èmi tí mo bímọ fún un! Ṣùgbọ́n tá a bá ti yà wọ àdúgbò yìí, tó rí ọkọ̀ yẹn, pẹ̀lú ìlà aláwọ̀ ewé tó fi ọ̀dà fà sí i lára, ojú ẹ̀ á là. Á ní, "Tiwa nìyẹn. A ti délé." Á sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀, á lọ fẹsẹ̀ gbá táyà wò. Ìgbà yẹn ló máa wá wò mí, á ní, "Stefa, òtútù ń mú ọ, wọlé." Stefa, Lorne! Orúkọ mi! Ohun tí mo fi ń ti ọ̀sẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn.

Sọ́ńdè tó kọjá, mo gbé e dé. Ibẹ̀ ṣófo. Ó wò ó, ó tún un wò. Mo ní, Orest, a ti délé. Ó ní rárá. Ó di bẹ́líìtì mọ́tò mú. Ó ní, "Mádàámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi lọ sílé, ìyàwó mi á ti máa retí mi." Yéè! Ìyàwó ẹ̀! Èmi ni mo jókòó tì í o! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé, mo bá yí mọ́tò padà, mo dá a padà síbi tó ti wá. Ọbẹ̀ ẹ̀ wà lórí sítóòfù. Títí dòní mi ò lè dà á nù.

Ìwọ náà wá ń sunkún? Máa sun ún, kò kàn mí. O máa lọ bẹ káńsù? Mo ti lọ. Wọ́n ní ó di ìgbà tí yìnyín bá yọ́ kí wọ́n tó dá a padà. Kí yìnyín tó yọ́, ta ló sọ fún ọ pé Orest á ṣì mọ ọkọ̀ náà?

Má tan ẹ̀rọ yẹn o! Ṣé o rí àwọn pákó yẹn? Orest ló tò wọ́n sábẹ́ táyà kó má baà dì mọ́ ilẹ̀, kó tó kúrò nílé. O ò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Gbọ́ ohun tí mo fẹ́. Ní Sọ́ńdè, tí mo bá ń gbé e bọ̀, wá síbí. Má mú ẹ̀rọ wá, má mú oúnjẹ wá. Gorí pákó yẹn, kí o dúró gan-an síbi tí ọkọ̀ wa wà, kó wò ọ́ dáadáa. Tó bá rí ọ tó ní, "Tiwa nìyẹn, a ti délé," Lorne, mo ti dárí jì ọ́. Tí kò bá sọ ọ́, ìwọ ni kó o wọnú mọ́tò, kó o júwe ilé fún un.