Ẹja Onírù Pàṣán Kò Rí Ẹ̀mí Bàbá Délé Gbà

Ẹ yin Olúwa! Ẹ tún un yìn! Ọba tó yọ ọkọ mi lẹ́nu ikú, mo dé láti wá dúpẹ́. Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ọpẹ́ mi lónìí, omijé wà nínú rẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ ọkọ mi, Bàbá Délé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní ilé ìwé ìjọ. Nígbà ìsinmi Kérésì, àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èkó ní ká wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Ìyá ọkọ mi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Omi òkun kì í ṣe omi odò Ògùnpa wa yìí o!" Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, a kàn fẹ́ lọ wò ó ni." Àwa mẹ́ta la wọ ọkọ̀ ojú irin: èmi, òun àti Délé ọmọ wa.

Àbúrò rẹ̀ mú wa dé etí òkun. Ẹ̀yin ará, òkun dùn ún wò! Bí omi bá ti ru bọ̀, Délé á pariwo. Bàbá rẹ̀ ká ṣòkòtò sókè, ó gbé e kọ́rùn, ó wọ inú omi dé orúnkún. Lójijì ló kígbe, irú igbe tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ohun pẹlẹbẹ kan, tó fẹ̀ bí atẹ, fò jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú iyanrìn, ìrù rẹ̀ gùn bí pàṣán. Ẹja ni! Ẹja tó sin ara rẹ̀ mọ́lẹ̀! Ẹ̀gún ìrù rẹ̀ ti wọ ọkọ mi lẹ́sẹ̀, ó ti kán sínú ẹran. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí ọmọ bọ́. Ó ní, "Gba Délé! Gba Délé ná!" Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì ṣubú.

Jésù ṣeun! Ọmọ kò fara pa.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ ti wú, ó ti dúdú. Dókítà òyìnbó wò ó ní ilé ìwòsàn, ògbufọ̀ sì sọ fún mi pé, "Wọ́n ní bí àwọn kò bá gé ẹsẹ̀ yìí, ọkọ yín ń kú lọ nìyẹn." Ọkọ mi dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ìyá Délé, jẹ́ kí wọ́n gé e. Mo ṣì fẹ́ rí ọmọ yìí kó dàgbà." Wọ́n gé e. Ibà tún dá a wó. Àwọn nọ́ọ̀sì ní kí n ránṣẹ́ sílé. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní, "Olúwa, ẹsẹ̀ ti tó! Má gba ìyókù!" Ibà lọ! Ó la ojú, ó béèrè ẹ̀kọ gbígbóná. Haleluya! Mo dúpẹ́, Bàbá. Mo tún dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù, kó má baà di egbò sí mi nínú. A padà sí ilé wa ní Oníyanrìn. Ìyá ọkọ mi wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ lo lọ fi ọmọ mi rúbọ sí òkun." Ilé ìwé ti fi ẹlòmíràn sípò ọkọ mi. Àgbà ìjọ kan, tó jókòó síbí báyìí, pàdé mi lójú ọ̀nà ní Bẹẹrẹ, wọ́n ní, "Ẹ lọ yẹ ara yín wò. Ọlọ́run kì í fìyà jẹ aláìṣẹ̀." Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú yín tó bẹ̀ wá wò. Ìyá Ràfátù, aládùúgbò wa tó ń kírun, ló ń gbé omi àti igi ìdáná wá. Wọ́n á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Délé. Ọlọ́run ò sùn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. N kò ní purọ́ nínú ilé Olúwa: n kò rí ibi tí màá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ọkọ mi náà nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà. Igi méjì ló fi ti abíyá rìn láti ilé dé ibí. Ọmọ díẹ̀ ti ń wá kàwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ìyá ọkọ mi kò tíì dá ìkíni mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ọkọ mi wà láàyè! Délé ṣì ń rí ẹni pè ní Bàbá!

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìpọ́njú, bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá dá lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ má sọ pé Ọlọ́run náà ti lọ. Àwọn ènìyàn ló lọ. Ẹ dìde, ẹ bá mi dúpẹ́, bí ojú kò bá tì yín.