Àpò Irúgbìn Addi

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù keje ọdún 2016, wọ́n bá òkú Addi, olùṣọ́ pápá èèwọ̀ wa, lẹ́bàá orísun omi òkè. Orí rẹ̀ ti fọ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo. Gbogbo abúlé gbà pé àwọn ará Ughbal tó wà lódì kejì òkè ló pa á. Irọ́ ni. Èmi Uhadda, ọkọ ọmọ rẹ̀, ni mo pa á. Ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́, dókítà tó wà nísàlẹ̀ òkè kò sì fi pamọ́ fún mi pé ẹ̀mí mi kò gùn mọ́. Síbẹ̀, kì í ṣe ikú ló la ẹnu mi. Tuda ìyàwó mi ló là á, nítorí ibi tó lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó mọ ìwé kọ. Kíláàsì àgbà ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun alẹ́ ni mo ti kọ́ ọ. N kò mọ ọ̀rọ̀ sọ lójú ènìyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ̀yin ará ilé mọ òfin pápá èèwọ̀. Láti ìgbà tí yìnyín bá ti yọ́, ẹran kankan kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ títí ìgbìmọ̀ yóò fi ṣí i, kí ewéko lè so, kí irúgbìn rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣáájú ìgbìmọ̀ wọ̀ ọ́, olùṣọ́ á mú àgùntàn tó bá wù ú nínú agbo rẹ̀, abúlé á sì pa á jẹ.

Ọdún yẹn le. Ní oṣù kejì, òkúta dúdú ni mo rí níbi tí yìnyín máa ń ga dé àyà ìbaaka. Ní oṣù kẹrin, mo ta ìbaaka mi, mo fi ra koríko gbígbẹ. Ní oṣù karùn-ún, koríko tán, àwọn àgùntàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun ara wọn jẹ. Tuda ń po ìyẹ̀fun ọkà bálì mọ́ omi gbígbóná. Òun la ń jẹ láàárọ̀, òun náà la ń jẹ lálẹ́. Ebi kì í ṣe àwíjàre. Mo ń sọ bó ṣe rí ni.

Nígbà èwe mi, tawragt, ewéko olódòdó àwọ̀ ìyeyè tí gbòǹgbò rẹ̀ ń di ilẹ̀ òkè mú kí àgbàrá má baà kó o bá wa, máa ń hù lẹ́yìn ilé wa. Lọ́dọọdún ló ń gun òkè sí i. Addi máa ń sọ fún mi pé, "Ooru ló ń lé e, ọmọ mi. Ó ń sá gòkè bí ewúrẹ́ tí ajá ń lé. Ṣùgbọ́n òkè lópin. Tó bá dé orí òkúta, ibo ló kù tó máa sá sí?" Lọ́dún yẹn, ẹ̀gbẹ́ orísun omi inú pápá èèwọ̀ nìkan ló kù sí. Addi fẹ́ kó gbogbo irúgbìn rẹ̀, kó fi ìdajì pamọ́ sínú ìkòkò ní ibojì wàlíì, ẹni mímọ́ ilẹ̀ wa, níbi tí olè kankan kì í nawọ́ sí, kó sì gbin ìdajì sí ẹ̀yìn òkè tí oòrùn kì í pẹ́ sí. Ṣùgbọ́n òjò ti pẹ́, irúgbìn kò tètè gbó. Ó bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kún ọjọ́ ìṣípápá.

Ẹnì kan ní, "Addi, irun àgùntàn mi nìkan ló ṣì ń dúró. Àgùntàn inú rẹ̀ ti lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Addi ní, "Bí ẹ bá tú u jẹ lónìí, ẹ má wá bi mí lọ́dún tó ń bọ̀ pé koríko dà."

Ìgbìmọ̀ gbà fún un. Mo wà níbẹ̀.

Bíhì, ọmọ àbúrò bàbá mi, ló tẹ̀ lé mi délé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa jókòó wò wọ́n títí wọ́n á fi kú? Bàbá ìyàwó yín fẹ́ràn ewé ju ènìyàn lọ. Àti pé ó ń sùn lọ́sàn-án."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejìlá, a yí òkúta ààlà kúrò. Àwọn àgùntàn kọ̀, wọn ò wọlé. Láti kékeré ni wọ́n ti ń nà wọ́n kúrò níbẹ̀. A ń fi igi tì wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí Addi yọ lẹ́yìn àpáta, pẹ̀lú àpò awọ tó so mọ́ ìdí. Kò sùn.

Ó ní, "Uhadda, àgùntàn rẹ gbọ́n jù ọ́ lọ. Wọ́n mọ ibi tí òfin wà."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ díẹ̀. Ẹ ò ní kú sí i."

"Èmi kọ́ ni mo ń sọ pé yóò kú."

Ó di abo àgùntàn mi olójú funfun mú lẹ́sẹ̀, èyí tí mo fi ọrùn gbé kọjá odò nígbà òtútù. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì mú. Addi fi ọ̀pá lù mí léegun ojúgun, Bíhì sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ká mi lára. Mo gbé òkúta, mo là á mọ́ ọn lẹ́bàá etí. Ó jókòó wọ̀ọ̀, bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n bu tíì fún òun. Bíhì sá lọ. Mo tún lu Addi títí kò fi mí mọ́. Mo ti fo ohun kan níbẹ̀. N ó padà sí i, bí ọwọ́ mi bá gbà.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú dé, mo ní mo rí àwọn ará Ughbal tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì. Ìgbìmọ̀ ní kí ilé wa búra kí wọ́n tó gbà á. Ọkùnrin mẹ́wàá ló ní láti búra níwájú ibojì wàlíì. Bí ẹnì kan bá kólòlò, ìbúra ti bàjẹ́ nìyẹn, gbogbo ilé sì jẹ̀bi. Bíhì ni ẹni kẹsàn-án. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo dúró tì í lẹ́yìn, mo fi ṣóńṣó àlùmọ́gàjí tí a fi ń rẹ́ irun àgùntàn gún un ní ìhà lábẹ́ jalamíà. Ó búra geere. Àwọn mẹ́jọ yòókù kò mọ nǹkan kan. Wọ́n búra nítorí pé wọ́n fọkàn tán mi.

Ọjọ́ kejì, a kọjá sí Ughbal. A bá Usaid, darandaran wọn kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù díẹ̀. Àwọn ará ilé wa fi igi fọ́ orúnkún rẹ̀, èmi ni mo tì í sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó ń pe ìyá rẹ̀ títí ó fi balẹ̀. Àwọn ará Ughbal fi kànnàkànnà dá wa lóhùn. Òkúta kan ba Bíhì ní ọ̀fun. Ó ṣubú, ó di aṣọ mi mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́." Mo fi ọwọ́ bo ẹnu àti imú rẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Àwọn ènìyàn rò pé mo ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ni. Nígbà tí ọlọ́pàá fi dé, abúlé méjèèjì ti panu pọ̀ pé àpáta ló ya lu àwọn tó kú.

Láti ìgbà náà ni Tuda ti ń gun òkè lọ́dọọdún, tó ń wá tawragt kan tí bàbá rẹ̀ lè ti gbójú fò. Àgbàrá ti kó ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ orísun lọ. Òkúta ló ń bá níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé ìṣù ṣúgà tí a fi ń wá àlàáfíà, ó kọjá sí Ughbal láìsọ fún mi. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyá Usaid, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi, mo fi jì yín. Irúgbìn tí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo wá tọrọ. Ẹ̀kúnwọ́ kan péré."

Ìyá náà dáhùn pé, "Ẹ pa ọmọ mi, ẹ tún wá ṣagbe?" Wọ́n sọ ọ́ ní òkúta. Ojú ọ̀tún rẹ̀ fọ́. Bí mo ṣe ń wẹ ẹ̀jẹ̀ náà, ó ní, "Wọ́n ní i, bàbá àwọn ọmọ. Wọn ò kàn fẹ́ fún mi ni. Tí ojú yìí bá jiná, màá tún lọ."

Nítorí náà, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí mo fò.

Lẹ́yìn tí mo kọ́kọ́ lu Addi, kò kú. Ó tú àpò ìdí rẹ̀, ó nà án sí mi. Ó ní, "Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ibí. Mo ti ń ṣa á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gbó. Gbé e fún Tuda. Màá sọ pé mo ṣubú. Mi ò ní dárúkọ rẹ." Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo gba àpò náà, mo sì dà á sórí àpáta fún àwọn àgùntàn mi níwájú rẹ̀. Ebi pa wọ́n. Wọ́n ń tira wọn. Addi rá wá, ó ki ọwọ́ sáàárín ẹnu wọn, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sì di ìkúùkù mọ́ ọn. Mo ṣí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kọ̀, mo ṣẹ́ ẹ. Abo olójú funfun lá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo tún gbé òkúta.

Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe é. Ó ti ní òun kò ní dárúkọ mi.

Ẹ̀yin ará Ughbal, ẹ ò jẹ̀bi. Ẹ̀yin mẹ́jọ tí ẹ búra, èmi ni kí ìbúra náà mú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí agbo bá bọ́ sí lọ́wọ́, bí ìgbìmọ̀ bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró, kódà bí àgùntàn bá kú lójú yín.

Tuda, má lọ mọ́. Irúgbìn náà kò sí ní Ughbal. Àgùntàn wa ló jẹ ẹ́. Kò ku ẹyọ kan.