Ẹnu Tí Ọmọ Màlámù Fi Ń Pe Bàbá

Ní ìsọ̀ obì ní Ṣàgámù, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ láàrin Hausa kan tó ń ra gbàǹja lọ sí Kánò àti obìnrin tó bá a tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ lẹ́yìn ikú ìyá ọmọ náà.

"Màlámù, ẹ má bínú. Ọ̀la lẹ ń mú un lọ Kánò, kò sì lè kí ìyá tó bí yín. Iye obì nìkan ni mo mọ̀ ní Hausa. Rẹ́mọ ni mo fi tọ́ ọ."

"Ìyá, ìbínú kẹ̀? Ẹnu tí ẹ fún un ló fi ń pè mí ní bàbá. Mo dúpẹ́."

"Ó dáa, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí wọn, kí n lè kọ́ ọ kílẹ̀ tó ṣú."

Màlámù kọ́ obìnrin náà. Kí agbọ̀n kan tó kún, gbogbo àwa tó ń fi ewé di obì ti ń fi Hausa kí ìyá Màlámù tó wà ní Kánò.