Èmi Ni Mo Ṣí Dísíkẹ́ẹ̀tì Ràsákì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ọdún méjì ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mo ń kọ ọ́ báyìí nítorí pé ìyá kan ní kí n bá òun tún ohun kan ṣe lóṣù tó kọjá, èmi gan-an ni mo sì bà á jẹ́.

Kò pẹ́ tí mo jáde yunifásítì ni mo lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ẹgbẹ́dá. Èmi àti Ràsákì, ọmọ Lálúpọn, la jọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú ewé fún íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ààyè iṣẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ló wà. Ọ̀gá wa ní kí oníkálukú wa ṣe ojú ewé kan fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀: kí àgbẹ̀ mú ohun ọ̀gbìn àti abúlé rẹ̀, kí ìgbà tó yẹ kó gbìn ín sì yọ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ náà ti gbó. Tí àṣẹ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a fi ń darí kọ̀ǹpútà, bá pọ̀ jù nínú ojú ewé, ńṣe ló ń dákú. Ẹni tí àṣẹ inú tirẹ̀ bá kéré jù ni yóò gba iṣẹ́.

Èmi ń to àṣẹ lé àṣẹ, ó ń dákú lójú mi. Bàbá mi sì ti sọ fún gbogbo ìjọ pé mo ti ríṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Ràsákì pè mí wá wo tirẹ̀. Ó mú àgbàdo, ó mú Akanran. Ìdáhùn yọ nísàlẹ̀. Apá òkè ò tilẹ̀ mì. Mo wo inú ojú ewé náà, torí kò sẹ́ni tí kò lè wò ó. Ìlà mélòó kan péré ni mo bá níbẹ̀. Kò sí àṣẹ, kò sí ìdáhùn.

"Níbo lo kó o pamọ́ sí?" ni mo bi í.

"Sístà aládùúrà, o ò ṣe gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta? Bóyá wọn á fi hàn ẹ́ lójú ìran."

"Àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín."

"Ó di ọjọ́ tí ọ̀gá bá wò ó."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló ń dà mí láàmú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Báwo ni ohun tí kò sí nínú ojú ewé ṣe ń yọ lójú rẹ̀? Mo ń rò ó nínú ọkọ̀, mo ń rò ó lórí àdúrà.

Lọ́jọ́ kejì, Ràsákì lọ kírun Aláásárì. Dísíkẹ́ẹ̀tì tó kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sí wà lórí tábìlì. Mo tì í bọ kọ̀ǹpútà mi.

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ó pín ojú ewé sí fèrèsé méjì. Ti òkè kò mọ nǹkan kan, ìbéèrè ló kàn ń gbé lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní yàrá ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà ńlá yìí ló ń ronú, tó ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí fèrèsé ìsàlẹ̀ nìkan. Gbogbo àṣẹ wà lọ́hùn-ún. Èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn bíi pé èmi ni mo ronú rẹ̀.

Ká ní mo dá a padà nígbà yẹn ni. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Mo yọ orúkọ àwọn abúlé rẹ̀, mo fi Ṣáṣá àti Mọ́níyà sí i.

Èmi ni ọ̀gá kọ́kọ́ pè. Ó yìn mí. Nígbà tó kan Ràsákì, ọ̀gá ní, "Ohun tí mo rí láàárọ̀ náà nìyí. Ta ló wo ti ta?" Mo ní mi ò mọ nǹkan kan. Ràsákì mú dísíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó jáde. Èmi ni mo gba iṣẹ́.

Ràsákì dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé Múdà ló sọ ọ́ fún ẹ?"

Múdà ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, tó máa ń wá kí wa, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òun nìkan ni Ràsákì ti ṣàlàyé rẹ̀ fún.

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tu ara mi nínú pé mi ò kúkú fi ẹnu sọ ọ́.

"Mi ò bá ẹ wí," ló ní. "Ìwọ náà ń wáṣẹ́. Ti ọmọ ìyá mi ló dùn mí."

Lóṣù tó kọjá, ìjọ wa ṣe ìkórè ní Lálúpọn. Mo bá Ràsákì níbi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́, ó ń tún ẹ̀rọ ṣe, epo dúdú dé ìgúnpá rẹ̀. Ó yọ̀ mọ́ mi. Ó ń bi mí ní ìbéèrè lórí ìbéèrè: tí àgbẹ̀ mẹ́wàá bá béèrè lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́, ta ni kọ̀ǹpútà ńlá ń kọ́kọ́ dá lóhùn? Mo ń ṣàlàyé, mo ń gbádùn rẹ̀. Ojú tì mí pé mo ń gbádùn rẹ̀.

Nígbà tó lọ fọwọ́, ìyá rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ òun méjèèjì kì í kí ara wọn mọ́. Wọ́n fẹ́ so yìgì Múdà lẹ́yìn Iléyá, Ràsákì sì ti búra pé òun ò ní jókòó níbẹ̀.

"Ìwọ lọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ jọ kọ́ṣẹ́," ni wọ́n wí. "Bá mi bẹ̀ ẹ́, ọmọ mi, kó dárí ji àbúrò rẹ̀."

Mo kúnlẹ̀, mo ní màá bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Ràsákì padà dé, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo tún ń sọ.

Iléyá ò jìnnà mọ́. Tí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi, bàbá mi á sì gbọ́. Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ lọ. Ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn: ṣé Ràsákì ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, tàbí ìyá wọn, tàbí Múdà, tí kò tíì mọ títí di òní ẹni tó purọ́ mọ́ òun?