Ẹni Tó Ń Yọ Kúpọ́ọ̀nù Nínú Ìwé Ìròyìn Ọjọ́ Ìsinmi

Ẹ̀yin obìnrin ìjọ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ife kọfí yín kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń mu nǹkan gbọ́. Dókítà ti sọ ibi tí àìsàn ọkàn mi le dé fún mi. Ọmọ mi Colleen náà mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi wa mọ́tò gbé mi wá síbí lónìí. Bí mo bá kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí nínú, ẹ ó wá síbi ìsìnkú mi, ẹ ó máa yìn mí, gbogbo yín ó sì máa purọ́ láìmọ̀. Èmi Maxine Dvorak, tí ẹ ń pè ní Ìyá Ẹ̀dínwó, olè ni mí. Kò tán síbẹ̀. Mo tún gbé olè tèmi lé ẹlòmíì lórí.

Ẹ̀yin àgbà inú yín rántí ọdún tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ gíláàsì pa. Vernon ọkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Àwọn ọmọ ń bẹ nílẹ̀ tí wọ́n ń jẹun bí eéṣú. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé kúpọ́ọ̀nù, ìwé pélébé téèyàn ń fún ilé ìtajà kí wọ́n lè dín owó ọjà kù, òótọ́ inú ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé ìròyìn ọjọ́ Ìsinmi bá ti dé, màá yọ ìwé aláwọ̀ mèremère tó wà láàárín rẹ̀, màá tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìdáná, màá mú sísọ́ọ̀sì: ẹ̀dínwó ọṣẹ níbí, ti kọfí lọ́hùn-ún, ti ọbẹ̀ inú agolo níwájú mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ilé ìtajà Fenwick máa ń sọ ẹ̀dínwó kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì, ọjọ́ náà ni mo sì máa ń lọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè kó ẹrù kún kẹ̀kẹ́ kó má fẹ́rẹ̀ẹ́ san nǹkan kan. Vernon ní, "Maxine, ìwọ lọkùnrin ilé yìí báyìí o." Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, àmọ́ mo rí ojú rẹ̀.

Ìyìn ló bà mí jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó èyí tó ṣẹ́ kù wá síbí fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Arlene tó jókòó níwájú mi yìí ló kọ́kọ́ pariwo: "Ẹ wá wo Maxine o! Obìnrin yìí á ra gbogbo Fenwick tán, wọ́n á tún fún un ní ṣéńjì!" Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Ó dùn mọ́ mi ju oyin lọ. Kò pẹ́ tí ìwé ìròyìn kan kò fi tó ìyìn tí mo ń fẹ́ mọ́. Mo lè ra òmíràn, àmọ́ mo rò ó pé owó tí mo bá fi rà á ni yóò jẹ èrè rẹ̀ tán.

Ẹnu ọ̀nà àwọn kan tí wọ́n lọ sinmi ní Florida ni mo ti kọ́kọ́ mú un. Ìwé ìròyìn wọn wà nílẹ̀, wọn kò sí nílé. Mo ní, ta ló fẹ́ kà á? Lẹ́yìn náà mo bọ́ sí ti bàbá arúgbó kan tó jẹ́ pé ìròyìn bọ́ọ̀lù àti ìkéde òkú nìkan ló ń kà. Mo ní, kò ní mọ̀. Nígbà tó yá, n kò wá àwáwí kankan mọ́. Ní ìdájí ọjọ́ Ìsinmi, màá fi okùn sọ́rùn ajá wa bí ẹni tó ń mú un rìn, màá máa ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn, màá yọ kúpọ́ọ̀nù, màá dá ìwé ìròyìn padà sínú ọ̀rá rẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ wo ìwà ìkà! Ká ní mo gbé odindi rẹ̀ ni, wọn ì bá ní olè kan ló kọjá. Dídá tí mo ń dá a padà ló jẹ́ kí gbogbo ojú yí sí ẹni tó ń pín in kiri.

Odessa Pruitt ló ń pín in. Mọ́tò rẹ̀ ti dípẹtà, á sì ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ kódà nínú yìnyín, á máa ju ìwé ìròyìn síta, á máa kọrin. Iṣẹ́ yẹn ló fi ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Tó bá rí mi lójú ọ̀nà, á tẹ fèrè mọ́tò: "Maxine, ṣé ìwọ lò ń mú ajá rìn ni, àbí ajá ló ń mú ọ rìn?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, kúpọ́ọ̀nù àwọn aládùúgbò á sì wà lábẹ́ ẹ̀wù òtútù mi.

Nígbà tí ẹjọ́ kúpọ́ọ̀nù tó ń sọnù pọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Lundgren, aṣojú iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Kó tó lanu ni mo ti figbe ta: "Tèmi náà kò sí níbẹ̀ o!" Ó ní, "Ìyáàfin Dvorak, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tètè jí, ṣé ẹ ò rí nǹkan kan ni?" Mo mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, mi ò kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹlòmíì láìdáa. Ṣùgbọ́n mo rí Odessa níjọ́ kan tó dúró pẹ́ nínú mọ́tò, tó tẹrí ba, bí ẹni tó ń tú nǹkan." Mo mọ ohun tó ń ṣe lọ́jọ́ náà. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ìka ọwọ́ rẹ̀ tó ti gan nítorí òtútù.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, Odessa kan ilẹ̀kùn ìdáná mi. Ó ní, "Maxine, wọ́n fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìwọ lo máa ń rí mi láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Bá mi sọ fún wọn, jàre. Wọ́n á gba tìẹ gbọ́." Mo ní, "Fọkàn balẹ̀, màá sọ." N kò lè wo ojú rẹ̀, ni mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, mo kó kọfí, ọbẹ̀ agolo àti ọṣẹ kún àpò kan fún un. Ó dì mọ́ mi, ó sunkún sí mi léjìká. Ó ní, "Ọlọ́run á bù kún ọ." Mo ṣe àmín.

Arlene lọ wo ìyá Odessa tó ń ṣàìsàn, ó rí ẹrù tuntun náà tò jọ ní ìdáná. Arlene, n kò dá ọ lẹ́bi, ohun tójú rẹ rí lo sọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà, o bi í lójú gbogbo wa: "Odessa, ìwọ tí o kì í gé kúpọ́ọ̀nù, níbo lo ti rí gbogbo ẹrù yẹn?" Odessa tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ara tù ú, torí ó rò pé ẹlẹ́rìí òun wà níkàlẹ̀. Ó nawọ́ sí mi. "Ṣebí Maxine nìyẹn. Òun ló fún mi. Maxine, sọ fún wọn."

Gbogbo yín yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gbà á là. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé, bí mo bá ní èmi ni, wọ́n á bi mí pé níbo lèmi ti rí kúpọ́ọ̀nù, nígbà tí mo ti ké pé wọ́n jí tèmi náà? Mo wò ó lójú kòró. Mo ní, "Odessa, mi ò mọ ohun tí ò ń sọ. Mi ò fún ọ ní nǹkan kan rí."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wá èèyàn kan nínú ojú mi tí kò rí i. Lẹ́yìn náà ó mú ẹ̀wù rẹ̀, ó jáde.

Wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìtura kan lódì kejì odò. Ẹ kò kí i mọ́ ní Fenwick, ẹ̀yin ìyá sì sọ fún àwọn ọmọ yín pé kí wọ́n má kí i. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ẹnì kankan nínú wa kò lọ síbi ìsìnkú. Èmi ni mo ní kí a má lọ dá wọn láàmú. Èmi náà ni! Mo sì ń gé kúpọ́ọ̀nù lọ, mo ń fún yín lóúnjẹ, ẹ sì ń pàtẹ́wọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo ní kí Colleen gbé mi lọ bá a. Orí rẹ̀ ti funfun. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti jẹ́wọ́, torí kò ní kí n wọlé. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Maxine, látọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìwọ ni. Kí lo wá ń sọ fún mi sí? Àwọn tí kò kí mi mọ́ ni kóo lọ sọ ọ́ fún." Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ nígbà náà. Ó ní, "Ta ni ì bá gbà mí gbọ́? Ìwọ lò ń bọ́ wọn." Ó ti ilẹ̀kùn. Kò tì í gbàgà o. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló tì í, bí ẹni tí aláìsàn wà nínú ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fóònù wá ẹ̀dínwó báyìí, wíwá ẹ̀dínwó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ìyìn. Ẹni tó bá ti ń jẹ ẹ́ yó kì í mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jalè nítorí rẹ̀.

Arlene, má sunkún. Ẹ má tíì dárí jì mí, ẹ̀yin kọ́ ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀. Odessa ń gbé ní òpópónà Sycamore, ilé aláwọ̀ ewé tó wà ní ìkángun. Kì í lọ síbi iṣẹ́ lọ́sàn-án Ọjọ́rú, òní sì ni Ọjọ́rú. Ẹ wọ ẹ̀wù òtútù yín. Ó lè má ṣílẹ̀kùn fún yín. Ẹ kí i láti ìta.