Bàálù Ogun ní Ẹ̀yìnkùlé

Ìkọ́ ìlẹ̀kùn tó wà níta nìkan léwu fún ọmọdé. Ohun tó mú mi kọ èyí ni ọ̀rọ̀ tọkọtaya àgbà kan tí mo gbọ́ nínú kẹ̀kẹ́ tí a jọ wọ̀ lọ sí Òkè Baálẹ̀. Ọkọ ń fi páànù kan ibi ìjókòó awakọ̀ bàálù ogun ayé àtijọ́ sí ẹ̀yìnkùlé wọn, kó tóbi bíi tòótọ́ gẹ́lẹ́. Ó gbé ìdérí rẹ̀, ike tó mọ́ gaara, lé itan.

"Ọ̀gá páílọ́ọ̀tì, kí ló dé tí ìkọ́ fi wà níta?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Àlájà, nítorí ewúrẹ́ ni."

"Ṣé ewúrẹ́ náà fẹ́ lọ jagun ni?"

"Wàláì, ó ti jẹ bẹ́líìtì ìjókòó mi!"

"Àwọn ọmọ-ọmọ wa ń bọ̀ wá ṣe Iléyá. Bí ọ̀kan bá wọ inú bàálù yín, tí èkejì tì í mọ́bẹ̀ nínú oòrùn ńkọ́? Ẹ gbọ́, èmi ò fẹ́ páílọ́ọ̀tì yíyan."

Páílọ́ọ̀tì yíyan! Ẹ̀rín pa awakọ̀ kẹ̀kẹ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wá ibi tí ìkọ́ lè wà nínú ìdérí náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kan nǹkan sílé, ẹ kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ fúnra yín, kí ẹnì kan tì í láti ìta, kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè jáde.